Ẹ Ka Alábàárù Kí Ẹ Tó Ka Ẹrù

Oògùn kan ṣoṣo ni ọ̀pọ̀ nínú wa mọ̀ fún ẹ̀rọ tó bá ń lọ́ra: pa á, kí o tún un tàn. Rédíò ń kùn, pa á, tún un tàn. Fóònù ò tètè dáhùn, pa á, tún un tàn. Mo ti rí ẹni tó gbá tẹlifíṣọ̀n létí bí ẹni gbá ọmọ aláìgbọràn, àwòrán sì padà wá, baálé ilé bá jókòó, ó ń mi ẹsẹ̀ bí ẹnjiníà. N ò bá ẹnikẹ́ni jà. Oògùn tó bá jẹ́ ni à ń pè ní oògùn.

Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kan wà tí ènìyàn ò gbọdọ̀ sáré fún ní oògùn yìí, àfi tó bá kọ́kọ́ wo ojú rẹ̀ dáadáa. Ìdí ni pé ẹ̀rọ náà kì í ṣe ti ẹnì kan. Ẹrù ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń wà lórí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Bí o bá pa á, ti gbogbo wọn lo pa. Òun ni kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń pè ní sáfà.

Ó lè jẹ́ pé ẹ ò tíì fojú rí i, ṣùgbọ́n kò sí ará ìgboro tí kò tíì gbọ́ orúkọ rẹ̀. Ẹ dé báńkì ní àárọ̀ Mọ́ńdè, ẹ tò títí, ẹ dé iwájú akọ̀wé, ó gbójú sókè, ó ní, "Ẹ má bínú sà, sáfà ò lọ." Ṣé ẹ rí i, kọ̀ǹpútà tó wà níwájú akọ̀wé yẹn ò mọ iye owó tí ẹ ní. Ìbéèrè ló ń fi ránṣẹ́ sí kọ̀ǹpútà mìíràn tó wà níbòmíràn. Èyí tó ń gba ìbéèrè, tó ń wo ìwé, tó sì ń fèsì, òun ni sáfà. Bí ìyá olóúnjẹ ló rí. Oníbàárà lè tó ogójì nínú ṣọ́ọ̀bù, ọwọ́ ìyá kan náà ni gbogbo wọn ń wò.

Ọ̀rọ̀ sáfà yìí ò sì jìnnà sí ilé wa mọ́. Ní ọdún 2013 ni àjọ JAMB bẹ̀rẹ̀ sí í fi kọ̀ǹpútà ṣe ìdánwò ìwọlé yunifásítì fún apá kan àwọn ọmọ wa. Nígbà tó fi máa di ọdún 2015, gbogbo wọn pátá ló ti bọ́ sórí kọ̀ǹpútà, ìwé àti pẹ́ńsù parí. Láti ìgbà náà ni ibi tí àwọn ọmọ ti ń fi kọ̀ǹpútà dánra wò ti ń hù bí olú láàárín ìlú. Bí ẹ bá rìn yí Bẹẹrẹ ká, tí ẹ bá sọ̀ kalẹ̀ láti Màpó sí Ọjà'ba, ẹ ó rí pátákó wọn lára ilé alámọ̀ àtijọ́ tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì rẹ́, lábẹ́ páànù tó ti dípẹtà. Inú irú ilé bẹ́ẹ̀ ni ọmọ tí kò ní kọ̀ǹpútà nílé ti máa kọ́kọ́ di ekuté kọ̀ǹpútà mú, kí ọjọ́ ìdánwò gan-an tó dé.

Alhaja kan ló ni èyí tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀. Aṣọ ló tà ní Ọjà'ba fún bí ọgbọ̀n ọdún, kí orúnkún tó ní òun ò lè gun òkè kí òun tún sọ̀ mọ́. Ó kó èrè aṣọ jọ, ó fi ra kọ̀ǹpútà, ọ̀kan tẹ̀lé ọ̀kan, títí tí ó fi pé 52. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló ń bá a tọ́jú wọn. Ọmọ náà jáde ní pólì, ó mọ iṣẹ́, ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ pé ojú ọmọ ni àgbà fi ń wo ọmọ. Bí nǹkan bá dára, ẹ̀rọ ló dára. Bí nǹkan bá bàjẹ́, ọmọ yìí ló bà á jẹ́.

Gbogbo kọ̀ǹpútà 52 náà, inú yàrá kékeré kan tó ti jẹ́ ilé ìdáná rí ni olórí wọn wà. Sáfà kan ṣoṣo, tí fáànù dojú kọ. Bí ọmọ kan bá tẹ ìdáhùn lórí kọ̀ǹpútà tirẹ̀, inú sáfà ni ìdáhùn yẹn ń lọ, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń pa á mọ́, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe máàkì. Ètò tó ń darí sáfà náà ń jẹ́ Linux. Ọmọ yunifásítì kan ní ìlú Helsinki, ní ilẹ̀ Finland, tó ń jẹ́ Linus Torvalds, ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ọdún 1991, tó sì jẹ́ kí gbogbo ayé máa lò ó lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ má rò pé àjèjì ni sí yín. Bí fóònù yín bá jẹ́ Android, òun ló wà ní ìpìlẹ̀ rẹ̀.

Ní Sátidé kan, nígbà tí JAMB ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, mo lọ síbẹ̀ nítorí iṣẹ́. Olóòtú wa fẹ́ àpilẹ̀kọ lórí àwọn ọmọ tó ń múra ìdánwò. Yàrá kún. Ọmọ tó ń ran ìyá rẹ̀ lọ́wọ́ níbi ẹ̀kọ wà níbẹ̀. Ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ télọ̀ wà níbẹ̀, ìdánwò rẹ̀ kẹta nìyí. Owó tí kálukú fi wọlé, ẹni tó san án nílé mọ ibi tí ó ti yọ ọ́. Jẹnẹrétọ̀ ń dún lẹ́yìnkùlé, nítorí pé iná ti lọ láti òru.

Aago mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú díẹ̀, ohùn kan sọ láti ẹ̀yìn pé, "Ọ̀gá, tèmi ti dúró o!" Kó tó parí rẹ̀, òmíràn ní, "Tèmi ń pòòyì!" Kí a tó ṣẹ́jú pẹ́ẹ́, gbogbo yàrá ti gba ariwo. Ọmọ á tẹ ìdáhùn, àmì róbótó kan á máa pòòyì lójú kọ̀ǹpútà, aago ìdánwò sì ń kà lọ sísàlẹ̀ láìdúró de ẹnikẹ́ni.

Alhaja wọlé. Ó ti mọ ohun tó fẹ́ sọ kó tó dé. Nínú oṣù tó ṣáájú, ẹnì kan tó ń ta ẹ̀rọ ti fi ojú sáfà han Alhaja, ó sì fi ìka tọ́ ibi kan níbẹ̀: mẹ́mọ́rì inú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 8,000 ní òǹkà, èyí tó ṣófo níbẹ̀ ò sì tó 200. Ọkùnrin náà ní, "Alhaja, mẹ́mọ́rì yín ti kún. Ẹ ra púpọ̀ sí i, tàbí kí ẹ máa pa á lójoojúmọ́ kí ẹ máa tún un tàn." Èésú tí Alhaja ń dá, ó ti kó o, owó ọ̀hún wà nílé, mẹ́mọ́rì ló fẹ́ fi rà.

Ó ní, "Mo sọ fún un! Mo ní kó máa pa á! Ìwọ ọmọ yìí, pa nǹkan yẹn, kí o tún un tàn."

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kúnlẹ̀ síwájú sáfà, ó ní, "Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi ní ìṣẹ́jú méjì."

"Ìṣẹ́jú méjì kẹ̀? Àwọn ọmọ ọlọ́mọ ń sunkún, o ní ìṣẹ́jú méjì?"

Ọmọ náà gbójú sókè, ó wò mí. Mo mọ ìwò yẹn. Ìwò ẹni tó mọ òótọ́ ọ̀rọ̀ ni, ṣùgbọ́n tí ọjọ́ orí ò jẹ́ kí ẹnu rẹ̀ tólẹ̀. Mo ní, "Alhaja, ẹ jẹ́ kó ṣàlàyé fún wa bó ṣe ń wò ó. Bí kò bá yé èmi àti ẹ̀yin, kó pa á."

Alhaja fa àga. Ó ní, "Ó dáa, Akọ̀wé. Kó yáa sọ ọ́ ní èdè tí mo gbọ́."

Ọmọ náà tẹ ọ̀rọ̀ kan, uptime. Ìlà kan ṣoṣo ló jáde. Ní ìparí ìlà náà, nọ́ńbà mẹ́ta tò tẹ̀lé ara wọn: 9.14, 5.92, 2.87.

Alhaja ní, "Náírà ni àbí kọ́bọ̀?"

Ọmọ náà rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó ní, "Ẹrù ni, Mọ́mì." Ó wá ṣàlàyé pé sáfà máa ń ka iye iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ pẹ̀lú èyí tó ń tò, á sì ṣírò rẹ̀ ní ìpíndọ́gba. Nọ́ńbà kìíní jẹ́ ti ìṣẹ́jú 1 tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá. Èkejì jẹ́ ti ìṣẹ́jú 5. Ẹ̀kẹta jẹ́ ti ìṣẹ́jú 15. Ó ní kí a kà wọ́n láti ẹ̀yìn bọ̀ wá síwájú. Ti ìṣẹ́jú 15 kéré, ti ìṣẹ́jú 5 ti ga, ti ìsinsìnyí ga jù. Ìyẹn ni pé ẹrù ń gorí ẹrù, kò sì tíì pẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Bó bá jẹ́ pé ti iwájú ló kéré, tí ti ẹ̀yìn ga, a jẹ́ pé ìjì ti ń kọjá lọ.

Ó ní, "Mọ́mì, mẹ́mọ́rì tí wọ́n ní ó kún, láti oṣù tó kọjá ni wọ́n ti sọ fún yín. Ó kún lánàá, ó kún láàárọ̀ yìí nígbà tí àwọn ọmọ bẹ̀rẹ̀, nǹkan sì ń lọ. Ohun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé bá wa yìí, kò tíì pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó dé. Báwo ni òun ṣe máa jẹ́ mẹ́mọ́rì?"

Alhaja dákẹ́. Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ létí. Ó ní, "Mẹ́sàn-án yẹn ńkọ́? Ṣé ó pọ̀ ni?"

"Ó dá lórí iye tó ń rù ú, Mọ́mì. Pùròsẹ́sọ̀ mẹ́rin ló wà nínú ẹ̀rọ yìí. Àwọn ni òṣìṣẹ́ rẹ̀."

Mo rí i tí ojú Alhaja là. Ẹni tó bá ti tajà ní Ọjà'ba fún ọgbọ̀n ọdún, ẹ ò lè kọ́ ọ ní ọ̀rọ̀ ẹrù. Ó ní, "Alábàárù mẹ́rin, ẹrù mẹ́sàn-án. Mẹ́rin wà lórí, márùn-ún wà nílẹ̀ tó ń dúró." Ó tún rò ó, ó ní, "Bó bá jẹ́ alábàárù mẹ́rìndínlógún ni mo ní, mẹ́sàn-án yẹn ò tó nǹkan rárá."

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, gbogbo ọgbọ́n inú nọ́ńbà náà nìyẹn. Ọ̀pọ̀ ló ń rí 9 tí wọ́n ń pariwo, ọ̀pọ̀ ló ń rí 1 tí wọ́n ń sùn. Nọ́ńbà kan ṣoṣo ò ní ìtumọ̀ títí a ó fi ka àwọn tó ń rù ú.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ò parí síbẹ̀. Ọmọ náà ní, "Mọ́mì, ẹ jẹ́ ká wá wo àwọn alábàárù fúnra wọn." Ó tẹ top. Ojú kọ̀ǹpútà kún fún orúkọ iṣẹ́ lóríṣiríṣi, ṣùgbọ́n ìlà kan lókè ló ní kí a wò. Nínú 100 àkókò àwọn pùròsẹ́sọ̀, 9 péré ni wọ́n fi ń ṣiṣẹ́ gidi. 17 ni wọ́n fi ń ṣeré. 74 tó kù, dídúró ni wọ́n ń dúró de dísíkì, ìyẹn ibi tí sáfà ń kó ohun gbogbo pamọ́ sí.

Alhaja bá fò dìde. "Wọ́n ò ṣiṣẹ́ kẹ̀? Ẹrù wà nílẹ̀, àwọn alábàárù dúró? Ẹnì kan ló dí ẹnu ọ̀nà sítóò!"

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ pàtẹ́wọ́. Ohun tí àwọn onímọ̀ fi ojú ewé púpọ̀ ṣàlàyé ni obìnrin náà fi gbólóhùn kan sọ. Láti ọdún 1993 ni Linux ti ń ka àwọn iṣẹ́ tó ń dúró de dísíkì mọ́ ẹrù, pẹ̀lú àwọn tó ń dúró de pùròsẹ́sọ̀. Nítorí náà, ẹrù lè ga fíofío kí ọwọ́ àwọn òṣìṣẹ́ sì dilẹ̀. Ẹ rò ó wò: bí wọ́n bá ń já ọjà lọ́wọ́ lẹ́nu ọ̀nà tóóró, kí ẹ pe ogún alábàárù sí i, kí ni wọ́n fẹ́ ṣe? Wọ́n á kàn fi kún èrò ni.

Ta ló wá dí ẹnu ọ̀nà? Ọmọ náà wo àwọn orúkọ tó tò sílẹ̀. Àwọn iṣẹ́ tó ń dúró de dísíkì ní lẹ́tà D níwájú. Ó pọ̀ nínú wọn tó jẹ́ ti ìdánwò àwọn ọmọ. Ṣùgbọ́n ọ̀kan wà láàárín wọn tí kò bá ìdánwò tan: àdàkọ. Ohun tó wà nínú sáfà ni wọ́n máa ń ṣe àdàkọ rẹ̀ sí ibòmíràn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, nítorí ọjọ́ tí nǹkan bá bàjẹ́. Láti ìgbà tí wọ́n ti gbé ẹ̀rọ náà kalẹ̀ ni wọ́n ti fi í sí aago mẹ́wàá àárọ̀ Sátidé, nítorí pé lálẹ́ ńkọ́, wọ́n máa ń pa jẹnẹrétọ̀, sáfà náà á sì sùn. Sátidé ò sì jẹ́ ọjọ́ ìdánwò tẹ́lẹ̀. Nígbà tí JAMB sún mọ́lé ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi Sátidé kún un. Iṣẹ́ rere méjì ló pàdé lẹ́nu ọ̀nà kan, lórí dísíkì àtijọ́ kan tó ń pòòyì.

Ọmọ náà dá àdàkọ dúró. Kò pa sáfà. Kò fọwọ́ kan nǹkan mìíràn. A ń wo ojú ara wa. Láti inú yàrá kejì a gbọ́ ohùn ọmọ kan, "Ó ti ń lọ!" Lẹ́yìn náà, ẹnì kan tún sọ bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà, gbogbo wọn dákẹ́, ìdákẹ́ ọmọ tó ń ronú. Wọ́n fi àkókò tó ti sọnù kún ti àwọn ọmọ náà, ìdánwò sì tẹ̀síwájú.

Lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́rin, ó tún tẹ uptime: 0.76, 3.93, 3.66. Alhaja ní kí ló dé tí méjì tó kẹ́yìn ò tíì wálẹ̀. Ọmọ náà ní, "Wọ́n ṣì ń rántí ìyà àná ni, Mọ́mì." Alhaja rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín àkọ́kọ́ láàárọ̀ ọjọ́ náà nìyẹn.

Ó ku ọ̀rọ̀ mẹ́mọ́rì. Alhaja ò gbàgbé owó èésú rẹ̀. Ó ní, "Èyí tí wọ́n ní ó kún yẹn ńkọ́?" Ọmọ náà tẹ free -m. Mo kọ ọ́ sínú ìwé mi: gbogbo rẹ̀, 7,821. Èyí tí iṣẹ́ ń lò, 1,630. Èyí tó ṣófo, 187. Ìsọ̀rí kan tún wà tó jẹ́ 6,004. Ní ìparí ìlà, 5,890.

Mo ní kí Alhaja rántí ìsọ̀ rẹ̀ ní Ọjà'ba. Aṣọ tó wà nílé, nínú yàrá, pọ̀. Ìyẹn ni dísíkì. Aṣọ tó wà lórí pẹpẹ níwájú oníbàárà, ìyẹn ni mẹ́mọ́rì. Ohun tó bá wà lórí pẹpẹ, ọwọ́ á tètè tó o. Ohun tó bá wà nílé, ó di kí a rán ọmọ. Mo bi í pé, "Alhaja, nígbà tí ẹ ń tajà, ṣé ẹ máa ń fi pẹpẹ yín sílẹ̀ lófìfo?"

Ó wò mí bí ẹni wo wèrè. "Kí n fi pẹpẹ sílẹ̀ lófìfo? Owó ìsọ̀ ni mò ń san! Mo máa pàtẹ gbogbo rẹ̀. Bí oníbàárà bá wá dé tó fẹ́ tú báńdù rẹ̀, mo máa ká ti tèmi kúrò."

Ohun tí Linux ń ṣe gan-an nìyẹn. Àyè tí iṣẹ́ ò bá gbà nínú mẹ́mọ́rì, kì í fi í sílẹ̀ lófìfo. Ohun tó bá ti kà láti inú dísíkì, á pàtẹ rẹ̀ síbẹ̀, bóyá a óò tún béèrè rẹ̀. 6,004 yẹn nìyẹn. Bí iṣẹ́ tuntun bá dé tó fẹ́ àyè, á ká púpọ̀ nínú rẹ̀ kúrò lójú ẹsẹ̀. Nítorí náà, àyè tó ṣófo yàtọ̀ sí àyè tó ṣeé gbà. Èyí tó ṣófo jẹ́ 187. Èyí tó ṣeé gbà jẹ́ 5,890. Èyí tó kẹ́yìn yìí ni kí ènìyàn máa wò. Ó ti da ọ̀pọ̀ ènìyàn láàmú kárí ayé tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn tó ń ṣe Linux fi ní láti ṣírò rẹ̀ sílẹ̀ gedegbe fún wa ní ọdún 2014.

Ṣé mẹ́mọ́rì kì í wá kún ni? Ó ń kún. Bí àyè tó ṣeé gbà bá ń lọ sí òfo, a jẹ́ pé ọ̀rọ̀ ti dé. Sáfà á bẹ̀rẹ̀ sí í kó ohun tó wà lórí pẹpẹ lọ sínú ilé, á tún sáré lọ gbé e wá nígbà tí wọ́n bá béèrè, lọ-bọ̀, lọ-bọ̀, títí tí kò fi ní ráyè tajà mọ́. Bó bá tún burú ju ìyẹn lọ, Linux á yan iṣẹ́ kan tó gba àyè púpọ̀, á pa á, kí àwọn tó kù lè mí. Bó bá jẹ́ ìdánwò ló yàn, ẹ fúnra yín ẹ rò ó. Ìgbà yẹn gan-an ni ènìyàn ń ra mẹ́mọ́rì. Kì í ṣe ìgbà tí pẹpẹ bá kún fún ọjà.

Mo wá bi ọmọ náà pé, "Bí o bá ti pa á bí Alhaja ṣe wí ńkọ́?" Ó ní, "Bọ̀dá, ìdáhùn tí àwọn ọmọ tẹ̀ láàárín ìgbà yẹn, apá kan ṣì wà nínú mẹ́mọ́rì tó ń dúró kí dísíkì ráyè gbà á. Bí a bá fa iná yọ, ó lọ nìyẹn." Alhaja gbọ́. Kò sọ nǹkan kan. Ó fa gèlè rẹ̀ le, ó dìde, ó lọ bá àwọn ọmọ nínú yàrá.

Ẹnì kan lè ní, ìdánwò àdánrawò lásán ni, kí ló tó bẹ́ẹ̀? Ẹ jẹ́ kí n rán yín létí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní oṣù karùn-ún ọdún 2025. JAMB fúnra rẹ̀ jáde sọ pé àṣìṣe wọ inú ìdánwò ọdún náà ní ibùdó 157, tó kan ọmọ 379,997 ní Èkó àti ní àwọn ìpínlẹ̀ márùn-ún ilẹ̀ Ìgbò. Àtúnṣe kan tó yẹ kó wọ inú gbogbo sáfà ni kò wọ inú àwọn kan. Ọ̀gá àgbà àjọ náà, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ishaq Olóyèédé, sunkún lójú àwọn oníròyìn, wọ́n sì ní kí àwọn ọmọ náà wá tún ìdánwò ṣe. Tiwọn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹrù, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ mẹ́mọ́rì. Ṣùgbọ́n ó fi hàn wá pé ọ̀rọ̀ ayé àwọn ọmọ wa ti bọ́ sínú àpótí irin, ó sì di dandan kí ẹni tó mojú àpótí náà máa wò ó.

Wíwò yìí kì í sì í ṣe ohun tuntun. Ní ọdún 1973, àwọn tó ń lo ètò kan tí wọ́n ń pè ní TENEX ní Amẹ́ríkà ti ń kọ irú nọ́ńbà ẹrù báyìí sílẹ̀, wọ́n ń fi ti ibùdó kan wé ti ìkejì. Àwa náà kì í ṣe àlejò nídìí ẹ̀rọ yìí. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960 ni kọ̀ǹpútà IBM ti dé Yunifásítì Ìbàdàn, nígbà tí ọ̀pọ̀ ìlú ní ilẹ̀ Áfíríkà ò tíì rí irú rẹ̀. Ohun tó yí padà ni pé ẹ̀rọ tó jẹ́ ti àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n nígbà náà ti sọ̀ kalẹ̀ wá sínú ilé ìdáná àtijọ́ ní Bẹẹrẹ. Àwọn tó ń ṣọ́ ọ ni ọmọ wa tí a ṣì ń pè ní ọmọ kékeré.

Alhaja ò ra mẹ́mọ́rì mọ́. Dísíkì tuntun ló fi owó èésú rà, irú èyí tí kì í pòòyì, tó ń yára ju ti àtijọ́ lọ dáadáa. Àdàkọ ti di aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ Sátidé, lẹ́yìn tí àwọn ọmọ bá ti lọ. Ó sì ra ìwé kékeré kan, irú èyí tó fi ń kọ gbèsè àwọn oníbàárà sí ní Ọjà'ba. Láràárọ̀ tí wọ́n bá ṣí, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi á ka nọ́ńbà mẹ́ta náà àti àyè tó ṣeé gbà, Alhaja á fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́. Ó ní ẹni tí kò bá mọ iye tí òun ń tà lọ́jọ́ tí ọjà dára, kò lè mọ ọjọ́ tí ọjà kú. Òótọ́ sì ni. Bí a ò bá mọ bí ara sáfà ṣe rí lọ́jọ́ àlàáfíà, kí la fẹ́ fi mọ ọjọ́ àìsàn?

Ohun tí mo rí kọ́ nìyí, mo sì ń lò ó níbi tí kò sí kọ̀ǹpútà rárá. Nígbà tí ọwọ́ ẹnì kan bá kún, ẹ má tètè sọ pé ẹrù ń pa á. Ó lè jẹ́ pé ọjà ló pàtẹ. Nígbà tí ẹ bá sì rí ẹni tó dúró láìṣe nǹkan kan, ẹ má tètè pè é ní ọ̀lẹ. Ẹ kọ́kọ́ wo ẹnu ọ̀nà, kí ẹ wo ẹni tó dí i. Ìbéèrè mẹ́ta ló tó: mélòó ló ń rù ú, láti ìgbà wo ni, kí ni wọ́n sì ń dúró dè? Ẹni tó bá ti dáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, tó wá rí i pé kò sí ọ̀nà mìíràn, kó pa ẹ̀rọ rẹ̀, kó tún un tàn. Ọwọ́ rẹ̀ mọ́.